Ọgbà Ìyàwó Àjàṣẹ́

Ọdún tí Bàbá mi mú ìyàwó wá láti Àjàṣẹ́ ni mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń purọ́ tí ojú rẹ̀ kò fi ní yí padà. Mo ti darúgbó báyìí, eyín mélòó kan ló kù lẹ́nu mi, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì gbà pé kò sí olóòótọ́ tó tó mi nínú ìdílé wa. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Tí mo bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, tí ilé pa rọ́rọ́, n óò kàn máa gbọ́ ilé wa àtijọ́ ní Ẹdẹ létí mi: odó ìyá mi tó ń ró lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ tó ń fi ìwo ha ògiri, ikọ́ Ìyá àgbà tó bí Bàbá, àti fèrè rélùwéè tó máa ń ti ọ̀nà jíjìn ké bọ̀, tí gbogbo àwa ọmọdé á sì ju ohun tó wà lọ́wọ́ wa sílẹ̀. Tí ìrántí mi bá ti dé ibi fèrè yẹn, inú mi á bàjẹ́, n óò sì dìde lọ wá nǹkan ṣe.

Aṣọ òfì ni Bàbá ń tà. Wọ́n á dì í lẹ́rù, wọ́n á wọ rélùwéè dé Èkó, láti Èkó wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ àwọn Faransé, ó sì máa ń pẹ́ kí á tó tún fojú kàn wọ́n. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dé, lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ó gbé igbá kan dání bí ẹni pé ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ní ìyàwó àwọn nìyẹn. Wọ́n ní ìjọba Faransé ń fi tipátipá kó àwọn ará abúlé rẹ̀ lọ la ọ̀nà, abúlé náà sì ti ń tú, àwọn òbí rẹ̀ ló ní kí wọ́n jọ̀wọ́ máa mú ọmọ àwọn lọ. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyálé, ń gún iyán lọ́wọ́. Wọn kò dá ọmọ odó dúró. Wọ́n kàn ní, "Ẹ kú àbọ̀ o," wọ́n sì ń gún un lọ. N kò tíì jẹ iyán tó kúnná tó ti ọjọ́ náà láti ìgbà yẹn.

Ègùn ni ìyàwó náà, Yorùbá tó gbọ́ kò sì tó nǹkan. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó pè mí: "Àṣàbí, wá." Ìyá àgbà gbọ́ ọ láti orí ẹní tí wọ́n jókòó sí. "Ta lò ń pè lórúkọ yẹn?" Wọ́n ní, "Àṣàbí ti wà nílé yìí kó o tó dé. Àgbà rẹ ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ níbí. Wá orúkọ mìíràn fún un." Ìyàwó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà náà, mo rù bí igi ìdáná, bóyá ni kò máa rò ó pé irú àgbà wo nìyí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí mi tí mo ru omi bọ̀ láti odò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olómi." Orúkọ náà wọ̀ mí lára. Mo ń fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ti ní ìyàwó tó ń fún mi lórúkọ. Àmọ́ nígbà tí mò ń kọ èyí, mo wá ń rántí pé kò sí ẹnì kankan nínú wa, yàtọ̀ sí Bàbá, tó bi í pé kí ni orúkọ tirẹ̀. Ìyàwó Àjàṣẹ́ la pè é títí.

Ohun àkọ́kọ́ tó tọrọ lọ́wọ́ Bàbá ni ilẹ̀ tí òun máa fi gbin ẹ̀fọ́. Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin ilé wa. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn, òjò ló ń bá obìnrin gbin ẹ̀fọ́. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀fọ́ á hù létí ààtàn àti nínú ilẹ̀ tó ń sinmi, a ó kàn lọ já a. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó máa fi ọ̀rúnlá jẹun, ilá gbígbẹ tí a gún, títí ọ̀fun wa á fi máa yọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyàwó kò gbọ́. Ó mú ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tú ilẹ̀ pupa yẹn, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó o jọ di ebè gígùn pẹlẹbẹ tó ga díẹ̀ sókè, ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí akèrègbè kan, ó ń fi í wọ́n omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé àpótí àwọn wá kí àwọn lè rí i dáadáa. "Ẹ wá wo nǹkan o! Ilẹ̀ ló ń bomi fún. Ìyàwó, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ ni?" Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ìyàwó ti dé. Ẹ̀fọ́ náà hù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọyẹ́ fi gbẹ ebè yẹn, ó le bí ilẹ̀ yàrá, ó sán. Èyí tí ọyẹ́ ṣẹ́ kù, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bá ìyàwó níbi tó jókòó sí níwájú ebè. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀, àtàǹpàkò kò wọlé. Ó ní, "Ilẹ̀ yìí le, Olómi. Ilẹ̀ tiwa, o máa fi ọwọ́ wà á, omi máa jáde." Mo sọ fún un pé ilẹ̀ Ẹdẹ ló dára jù. Ọmọ ilé ni mí, mo ní láti gbèjà ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wá rí i ṣe, torí mo wà níbẹ̀. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé wa tó ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ó tọ́ ilẹ̀ àkùrọ̀ etí rẹ̀ wò lórí ahọ́n, ó tu ú dà nù, ó padà wálé wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá àgbà, ó ní òun fẹ́ gba àyè láti gbin ẹ̀fọ́ létí odò náà. Ìyá àgbà ń bọ Ọ̀ṣun, inú wọn sì dùn pé ó béèrè. Wọ́n ní, "Kò burú. Má sá ti ìkòkò tó ti gbé iná bọ omi náà o, kò fẹ́ èédú." Igbá funfun ló fi ń bu omi láti ọjọ́ náà, èmi sì ń bá a bù ú. Ní ìlú wọn, ṣe ni wọ́n ń gbé ebè sókè kí omi má baà pa ẹ̀fọ́. Níbí, ó wá yé e pé ó ní láti rẹ ebè sílẹ̀ kí omi lè dúró díẹ̀ kí ó tó lọ. Ó da eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ó fi igi ti imọ̀ ọ̀pẹ dúró lókè kí oòrùn má baà rí ọmọ ẹ̀fọ́ pa. Ó tún gbẹ́ ihò omi kan sí àárín ọgbà, kò jìn ju ìbàdí rẹ̀ lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn, kí a má baà máa rìn dé odò ní gbogbo ìgbà. Kó tó di pé ẹ̀ẹ̀rùn parí, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tó gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ wálé, a jẹun títí ìsàlẹ̀ àwo fi hàn. Ìyá àgbà lá àwo. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ̀fọ́ àná yẹn ṣì kù?" Bàbá ń yin ọbẹ̀ náà, wọ́n ń yìn ín jù, ìyá mi sì ń ṣa àwo. Mo gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ nídìí àrò pé, "Ẹ̀fọ́ ti gba ilé lọ́wọ́ mi."

Lẹ́yìn náà ló tú kókó kan létí aṣọ rẹ̀. Irúgbìn tó wà níbẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè kó sórí èékánná lọ. Ó ní ìyá òun ló fún òun, èyí tó kù nìyí, òun kò sì fẹ́ gbìn ín títí òun fi mọ ilẹ̀ wa. Ó ṣe ebè tuntun fún un, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó ju ti àwọn yòókù lọ. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Gbọ̀má." Mo ní, "Gbọ́mọ?" Ó ní, "Gbọ̀má, gbọ̀má," ó sì rẹ́rìn-ín sí ẹnu mi tí kò lè pè é. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, nígbà tí mo dé odò mo wí fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé, "Ìyàwó wa ń gbin gbọ́mọ," a sì rẹ́rìn-ín títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù. Ohun tí n kò rò ni pé àwọn àgbà ilé wa kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ogun tí àwọn Yorùbá ń bá ara wọn jà ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti jí gbé tà. Àbúrò Ìyá àgbà pàápàá, ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti gbé e lọ, apá etí òkun tí ìyàwó ti wá yìí náà ni wọ́n sì ní wọ́n mú un gbà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lódò gba ẹnu dé ẹnu títí ó fi padà wálé. Ìyá àgbà pè mí, wọ́n ní, "Kí ni ìyàwó ń gbìn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ?" Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dáhùn. Mo ní, "Gbọ́mọ." Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tu obì tó wà lẹ́nu wọn sọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fọwọ́ kan ẹ̀fọ́ ìyàwó mọ́.

Ọjọ́ burúkú náà, ìyá mi lọ sọ́jà, wọ́n fi Àlàó àbúrò mi sílẹ̀ fún mi. Ó ti ń rìn, àmọ́ kò tíì lè fi ẹnu ròyìn. Mo gbé e pọ̀n lọ sí ọgbà, n kò bá ìyàwó níbẹ̀, Àlàó sì ti sùn lẹ́yìn mi. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè rélùwéè ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kò lè mọ ohun tí rélùwéè jẹ́ fún wa. Mo tẹ́ Àlàó sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ níbi tó tutù, mo sáré. Mo ní n óò kàn wò ó kó dúró, n óò padà. Ó dúró, mo wò ó. Ó ń tu èéfín, mo wò ó. Ó lọ, mo tún ń wo ọ̀nà tó gbà lọ. Wọ́n ti ń pe ìrun Alásàrí nígbà tí mo rántí pé mo ní àbúrò. Kí n tó dé, ìyá mi ti dé láti ọjà, wọn kò bá ọmọ, wọ́n ti ké, gbogbo agbo ilé ti tú síta. Ìyá àgbà ló ní kí wọ́n lọ wo ọgbà ìyàwó. Mo bá wọn níbẹ̀. Àlàó ń sùn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, lórí ebè gbọ̀má, ihò omi kò jìnnà sí i, ìyàwó sì jókòó tì í pẹ̀lú ọkọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ń wo ihò yẹn, wọ́n wo ọmọ, wọ́n tún wo ihò. Ìyàwó ní, "Ó ń sùn. Kò sí nǹkan, ó ń sùn." Ẹnì kan pariwo pé, "Ta ló gbé e síbí?" Ìyàwó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ wá bá tèmi láàárín àwọn ènìyàn, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi já ọmọ gbà bí ẹni pé iná ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálé, tó jẹ́ olórí agbo ilé wa, pe gbogbo wa jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n bi ìyàwó pé, "Ṣé ìwọ lo gbé ọmọ lọ?" Ó ní, "Èmi kọ́." Wọ́n ní, "Ta wá ni?" Ó dákẹ́. Àwọn obìnrin kùn hùn-ùn. Ìyá àgbà ní, "Ẹ ti gbọ́ orúkọ ohun tó ń gbìn. Kí lẹ tún ń wádìí?" Bàbá yíjú sí mi. Ojú wọn pọ́n, wọn kò sùn. "Àṣàbí, ìwọ ni wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́. Má bẹ̀rù, sọ òótọ́ fún mi. Ibo lo fi Àlàó sí?" Ìyá mi dúró lẹ́yìn wọn gan-an, wọ́n fi ọ̀já gbé Àlàó mọ́ àyà, kì í tún ṣe ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, ẹgba tí n óò jẹ kò ní í ní òǹkà. Mo ní, "Mo tẹ́ ẹ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí mo padà láti ẹ̀yìnkùlé, n kò bá a." Ohùn mi kò gbọ̀n. Bàbá tún wò mí pẹ́, wọ́n fẹ́ kí n sọ nǹkan mìíràn, mo rí i pé wọ́n fẹ́ ẹ. Baálé sọ fún Bàbá pé, "Akin, o ti gbọ́. Àwọn obìnrin ilé ní àwọn kò lè bá a gbé mọ́. Dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀." Bàbá ní, "Baálé, abúlé wọn ti tú tán. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n dá a padà sí?" Àgbádárìgì ni Bàbá wá mú un lọ nígbẹ̀yìn, sọ́dọ̀ àwọn Ègùn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá tún gba ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní ó ti kúrò, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó lọ. Bàbá kò fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá mi ṣeré mọ́. Bóyá wọ́n mọ̀. N kò gbójúgbóyà láti béèrè títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí òjò dé, gbọ̀má dàgbà fúnra rẹ̀ nínú ọgbà tí kò ní olùtọ́jú mọ́. Ìyá àgbà fi ọ̀pá tì í, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n já ewé kan, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀fọ́ igbá nìyí." Igbá tí àwa náà ń jẹ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, tirẹ̀ kàn fẹ̀ lójú ewé, kò sì korò tó tiwa ni. Wọ́n padà wálé, wọn kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, wọ́n sì ní kí èmi náà má sọ ọ́. Ìyá mi já a nígbà tó yá, wọ́n sè é, a jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo jẹ tèmi tán, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ tó lọ ló ń dùn mí jù. Bàbá ti gbé ẹrù rẹ̀ ṣíwájú, wọ́n ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó jáde wá sìn ín. Mo ń gba àgbàlá kọjá, mo rò pé ó ti lọ, a sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwa méjèèjì nìkan. Ó ní, "Olómi." N kò lè sá. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba. Ó ní, "Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà lókè odò, mò ń gé imọ̀ ọ̀pẹ. O tẹ́ ẹ sílẹ̀, o sáré lọ. Mo wá jókòó tì í kó má bọ́ sínú omi."

Ìyàwó ilé ni, èmi ni àgbà, n kò fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ó ní, "Mò ń dúró dè ọ́ kó o sọ ọ́."

Kò bínú. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bá Bàbá. Mo ṣì lè sáré tẹ̀lé wọn. Baálé wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, gbogbo ilé ti jí, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn. Ìyá mi pè mí láti ìdí àrò pé kí n wá gba ọmọ. Mo lọ gbà á.